Ilé ìwé ní bí n kò bá fèsì, mo ti gbà nìyẹn: ẹ̀tọ́ wo ni òbí ní lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV?

Ìyá Mojí, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, mú ìwé kan bọ̀ láti ilé ìwé rẹ̀. Ìwé náà kò ju ojú ewé kan lọ, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń bọ̀ wá gún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló já mi láyà. Wọ́n ní òbí tí kò bá dá ìwé náà padà títí di Ọjọ́rú, àwọn yóò kà á sí ẹni tó ti fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kà mí mọ́ àwọn tó kórìíra abẹ́rẹ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, káàdì àjẹsára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pé pérépéré, láti orí èyí tí wọ́n ń gún ní kété tí a bá bí ọmọ títí dé orí ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Mo mọ bí ìlà ṣe máa ń gùn ní ilé ìlera àdúgbò wa láti aago méje àárọ̀, tí àwọn nọ́ọ̀sì yóò dá orin, tí a ó máa pàtẹ́wọ́, tí wọn yóò wọn ọmọ, tí wọn yóò sì gún un kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn n kò béèrè ohunkóhun, nítorí pé gbogbo wa la jọ wà lórí ìlà, ọmọ mi sì wà lọ́wọ́ mi. Ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. N kò ní sí níbẹ̀, ọmọ náà sì ti dàgbà tó láti béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Mọ́mì, kí ni wọ́n fẹ́ gún mi fún?" Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò mọ ohun tí n ó sọ fún un.

Bàbá rẹ̀ ní kí n fọwọ́ sí i, kí n yé da ara mi láàmú. Ìyá mi ní tiwọn ní kò ní ṣojú àwọn kí wọ́n gún ọmọ ọmọ àwọn ní ohun tí kò ní jẹ́ kó bímọ lọ́la, wọ́n sì ní àwọn ará Kano kì í ṣe wèrè nígbà tí wọ́n kọ oògùn rọpárọsẹ̀. Èmi wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ fún mi bóyá abẹ́rẹ́ yìí kò léwu, ìdí tí ó fi jẹ́ ọmọ tí kò tíì bàlágà ni wọ́n ń gún nítorí àrùn tí ìbálòpọ̀ ń fà, àti pé ṣé lóòótọ́ ni dídákẹ́ mi lè dúró fún bẹ́ẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìbàdàn

Ìyá Mojí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ìlà tó gbẹ̀yìn ìwé yẹn tì mí lójú. Abẹ́rẹ́ tó dára ni wọ́n fẹ́ gún ọmọ yín, ọ̀nà tí wọ́n sì gbé e wá ni kò dára.

Kòkòrò àrùn ni HPV, láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn ló ń ràn, ìbálòpọ̀ sì ni ọ̀nà tó ń gbà jù. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló máa ń kó o nígbà kan láyé wa láìmọ̀, tí ara yóò sì lé e lọ fúnra rẹ̀. Lára àwọn obìnrin tí ara wọn kò bá rí i lé lọ, tí ó bá jókòó sí ẹnu ilé ọmọ fún ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó ti máa ń di jẹjẹrẹ. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì péré, èyí tí wọ́n ń pè ní 16 àti 18, ló ń fa nǹkan bí 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ní Nàìjíríà, nínú ọdún 2020 nìkan, nǹkan bí 12,000 obìnrin ni àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, àwọn bí 8,000 ló sì kú. Mo ti tọ́jú irú wọn ní wọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò wá títí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣíwọ́ nǹkan oṣù, nígbà náà ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ní ti ọjọ́ orí, kò sẹ́ni tó ń fura sí ọmọ yín. Abẹ́rẹ́ yìí kò lè lé kòkòrò tó ti wọlé jáde. Ìlẹ̀kùn ni ó ń tì kí àlejò náà tó dé. Yàtọ̀ sí èyí, ara àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún 9 sí 14 máa ń gba ẹ̀kọ́ abẹ́rẹ́ náà dáadáa ju ti àgbàlagbà lọ. Nígbà kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un, ó di ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹ̀ẹ̀kan lè tó fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí ètò náà ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, tí ìpínlẹ̀ Ògùn yín sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Àwa ará Ọ̀yọ́ dúró di ọdún 2024.

Kí ẹ bá mi kí màmá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kò sí kòkòrò HPV kankan, òkú tàbí ààyè, nínú ìgò náà. Èèpo ẹ̀yìn kòkòrò náà ni wọ́n ṣe àfarawé rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìwúkàrà (yeast, irú èyí tó ń mú búrẹ́dì wú) pèsè rẹ̀, kí ara lè mọ ojú ọ̀tá kí ọ̀tá tó dé. Wọ́n ti ń lò ó ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2006. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n gún nígbà náà ti ń gbọ́mọ pọ̀n báyìí. Bí a bá ń wá ohun tó ń gba ilé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin, jẹjẹrẹ yìí gan-an ni, torí pé ilé ọmọ náà ni dókítà sábà máa ń yọ kúrò kí ẹni náà lè yè.

N kò ní parọ́ pé kò sí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Apá yóò dùn ún, ó lè wú díẹ̀, ibà fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí orí fífọ́ lè tẹ̀ lé e fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọn ọmọ tó ti ń dàgbà máa ń dákú nítorí ẹ̀rù abẹ́rẹ́, pàápàá bí wọn kò bá tíì jẹun, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí wọ́n bá gún wọn tán. Èyí tó le jù ni kí ara ọmọ kọ abẹ́rẹ́ náà lójijì, kí ọ̀fun rẹ̀ máa wú, kí èémí má sì já geere. Kò pé ènìyàn méjì nínú mílíọ̀nù kan abẹ́rẹ́ tí a gún, ṣùgbọ́n tí ó bá ṣẹlẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a ní. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gbé adrenaline, oògùn tí a fi ń dá a dúró, dání. Bí wọn kò bá gbé e dání, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un lọ́jọ́ náà. Ẹ tún sọ fún wọn bí ọmọ yín bá ní ohunkóhun tí ara rẹ̀ kì í gbà, pàápàá ìwúkàrà.

Bàbá Ìbejì, Ìlọrin

Mo kí Nọ́ọ̀sì Àgbà fún àlàyé wọn, n kò sì bá wọn jiyàn lórí ohun tó wà nínú ìgò. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí a má ṣe fi màmá Ìyá Mojí rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer kó oògùn tuntun kan, Trovan, wá sí ibẹ̀ láti dán an wò lára ọmọ 200. Ìdajì gba tuntun, ìdajì gba èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú, márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn tó gba èkejì. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn òbí fi ẹnu gbà. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ọ̀rọ̀ náà wà ní kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là ní ọdún 2009. Ẹni tó bá gbọ́ irú èyí, tí wọ́n sì tún kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún méje lẹ́yìn náà pé kí ó gbé ọmọ rẹ̀ jáde kí àwọn kán nǹkan sí i lẹ́nu, kí ló máa ṣe?

Lórí HPV yìí gan-an, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà. Ní ọdún 2009, wọ́n gún ọmọbìnrin tó lé ní 20,000 ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh àti Gujarat, láti mọ bí wọn yóò ṣe máa pín abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tí ìròyìn jáde pé méje nínú wọn ti kú, ìjọba dá ètò náà dúró ní oṣù Kẹrin ọdún 2010. Àwọn tí wọ́n gbé ìwádìí fún ní ikú wọn kò bá abẹ́rẹ́ náà tan. Ọ̀kan kú sínú omi, ejò bu òmíràn jẹ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú ìwé ìyọ̀ǹda wò, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní Andhra Pradesh ni òbí kò fọwọ́ sí. Àwọn alábòójútó ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ló fọwọ́ sí i lórúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ òbí wà láàyè ní abúlé. Èyí ló ba ètò náà jẹ́ ní Íńdíà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ilé ìwé Ìyá Mojí ń rìn sí ọ̀nà kan náà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìbàdàn

Bàbá Ìbejì, ohun tí ẹ sọ nípa Íńdíà tọ́. Ti Kano ni mo fẹ́ fi nǹkan kún, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń po méjèèjì pọ̀. Oògùn ìtọ́jú ni Trovan, kì í ṣe àjẹsára, ìdánwò sì ni. Oògùn rọpárọsẹ̀ tí wọ́n kọ̀ ní ọdún 2003 kì í ṣe ìdánwò. Oògùn tí wọ́n ti ń kán sí ọmọdé lẹ́nu káàkiri ayé ni. Kano dúró títí di oṣù Keje ọdún 2004, kí wọ́n tó gba èyí tó wá láti Indonesia, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí tí ọkàn wọn balẹ̀ sí. Ní ọdún 2005, rọpárọsẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Indonesia, ìwádìí sì fi hàn pé láti Nàìjíríà ni kòkòrò náà ti rìn débẹ̀. Ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2020 kí wọ́n tó kéde pé rọpárọsẹ̀ àdáyébá (wild polio) ti tán ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ láàárín kò mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Amòfin Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè kẹta, nítorí òun ló bọ́ sí ọwọ́ mi. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní abala 23 rẹ̀, ní kí òṣìṣẹ́ ìlera sọ fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú àǹfààní tó wà nínú ìtọ́jú náà, ewu rẹ̀, ohun tó máa ná an, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́, pẹ̀lú ohun tí kíkọ̀ náà lè yọrí sí. Abala kan náà ní kí wọ́n sọ ọ́, níbi tó bá ṣeé ṣe, ní èdè tí ó yé ẹni náà, ní ọ̀nà tó bá ìwọ̀n ìwé tó kà mu. Ní Abẹ́òkúta, mi ò rí ohun tó ní kó má ṣeé ṣe láti sọ ọ́ ní Yorùbá! N kò sì rí ibì kankan nínú òfin yẹn tí wọ́n ti ka àìfèsì sí ìyọ̀ǹda. Ilé ìwé lè yá wọn ní gbọ̀ngàn àti àga. Ìyọ̀ǹda kì í ṣe tirẹ̀ láti fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí òbí má sì rò pé ẹ̀tọ́ yìí kò ní ààlà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti sọ di tirẹ̀, ní abala 13, sọ ọ́ di dandan fún òbí pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gba gbogbo àjẹsára rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 kò sí lábẹ́ gbólóhùn yẹn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ní ọdún 2001 pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú, bí ó tilẹ̀ lè yọrí sí ikú rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2019, lórí ọ̀rọ̀ ìkókó kan tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ní Èkó ní ọdún 1997 nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ̀ nítorí ẹ̀sìn, ilé ẹjọ́ kan náà ní òbí kò lè fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ra ikú fún ọmọ. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni ìyẹn, abẹ́rẹ́ HPV kì í sì í ṣe pàjáwìrì. Nítorí náà, àyè wà láti béèrè, láti ronú, kí a sì padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí Ìyá Mojí kọ ìwé kúkúrú sí ọ̀gá ilé ìwé ṣáájú Ọjọ́rú, kí wọ́n sọ pé àwọn kò tíì yọ̀ǹda, àti pé kì í ṣe pé àwọn kọ̀. Àlàyé ni àwọn ń retí. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà kan.

Ìyá Tòmíwá, London

Ẹ kú ilé o. Níbí, láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń gún àwọn ọmọbìnrin, wọ́n sì fi àwọn ọmọkùnrin kún un ní 2019. Ọmọ ọdún 12 sí 13 ni wọ́n ń gún ní ilé ìwé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó sì jẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2021 fi hàn pé láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n fún ní àǹfààní abẹ́rẹ́ náà ní ọjọ́ orí yẹn, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ dín kù ní ìwọ̀n 87 nínú 100.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tó kan tèmi ni pé ìwé àlàyé wá ní ọ̀tọ̀, ìwé ìyọ̀ǹda wá ní ọ̀tọ̀, nígbà tí mo sì gbàgbé láti dá a padà, wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọn kò gún un. Mo bínú díẹ̀ nígbà náà pé wọ́n ń yọ mí lẹ́nu, àfi ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Mojí yìí ni mo tó mọyì ìpè yẹn.

Ìyá Mojí, Abẹ́òkúta

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo kọ ìwé tí Amòfin ní kí n kọ, mo sì gbé e lọ fúnra mi lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá ilé ìwé kọ́kọ́ fajú ro, wọ́n ní èmi nìkan ni mo ń fa wàhálà. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ pẹ́, wọ́n jẹ́wọ́ pé ìwé kan tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ fún ètò mìíràn ni akọ̀wé àwọn dà kọ, tí ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn fi bá a wọlé. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ náà. Obìnrin náà ní kí a wá sí ilé ìlera, ó sì bá èmi, ìyá mi àti ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní Yorùbá fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ó fi ìgò náà hàn wá, ó fi adrenaline hàn wá, ó sì sọ fún mi pé bí ọmọ náà bá ti gbà á tán, kí n má rò pé ó ti parí, nítorí pé àwọn oríṣi kòkòrò kan ṣì wà tí abẹ́rẹ́ náà kò dènà. Nígbà tí ó bá dàgbà, ó gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ. Ó bi èmi náà bóyá mo ti ṣe é rí. Mi ò tíì ṣe é.

Ìyá mi kò sọ pé àwọn gbà. Ohun tí wọ́n sọ nígbà tí a ń padà bọ̀ ni pé nọ́ọ̀sì náà mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, àti pé àwọn yóò bá wa lọ lọ́jọ́ náà kí àwọn lè jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 15 yẹn. Mo ti fọwọ́ sí i.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè kan tí mo gbàgbé láti bi nọ́ọ̀sì. Ó ní ọwọ́ òsì ni òun fi ń kọ̀wé, ìdánwò ìṣirò àwọn sì bọ́ sí ọjọ́ kejì. Ṣé wọ́n lè bá a gún un sí apá ọ̀tún?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìbàdàn

Wọ́n lè gún un síbẹ̀, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Kí ó sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ̀ kí ó tó jókòó.